Tí Àyà Ọmọ Bá Ń Sáré Lójú Oorun: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Tọpa Táírọ́ìdì Kó Tó Ba Ọkàn Jẹ́

Ẹ̀yin ará Ikorodu, ẹ mọ irú ọmọ tí mò ń sọ. Ó ń jẹ ẹ̀bà bí àgbẹ̀, síbẹ̀ ó ń rù. Ooru ń mú un nígbà táwọn tó kù nínú ilé ń wá aṣọ bora. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tó bá gbé ife, kò lè jókòó sójú kan, tẹ́ ẹ bá pè é á kanra, tó bá gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo á dúró máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, àdúgbò á ní ó ti ń mu nǹkan, kẹ́ ẹ yẹ àpò ẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á ní oyún ni, àbí ó ń ronú ọkùnrin. Ìyá àgbà á ní ayé ti rí i. Kẹ́mísì á ta oògùn ibà, á ta oògùn ẹ̀jẹ̀, tí kò bá lọ á tún ta ti táífọ́ọ̀dì, owó ń lọ, ọmọ ń rù. Èmi tí mò ń ṣe nọ́ọ̀sì ládùúgbò yìí, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé ṣé ẹ ti ka bí àyà ẹ̀ ṣe ń lù nígbà tó bá ń sùn? Wọ́n á wò mí bíi pé ọ̀rọ̀ mi ò tọ̀nà.

Táírọ́ìdì ni ẹran kékeré kan tó wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Òun ló ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mónù yẹn ló ń pàṣẹ bí gbogbo ara ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó. Tó bá wá ń tú u jù, ọkàn ló máa ń jìyà ẹ̀ jù. Ẹ wo ọ̀kadà tó dúró sójú kan ní Sabo, tí ọlọ́kadà ò gbọ́wọ́ kúrò lórí iná, ẹ́ńjìnnì ń ké, kò sì rìn débì kankan. Bí ọkàn ọmọ yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn tọ̀sán-tòru.

Àìsàn tó sábà máa ń mú kí táírọ́ìdì àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ jù ni wọ́n ń pè ní Graves, orúkọ dókítà ará Ireland kan, Robert Graves, tó kọ̀wé ní 1835 nípa àwọn obìnrin tí ọrùn wọn wú tí àyà wọn sì ń lù gìdìgìdì. Àwọn nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbógun ti àìsàn ló yíjú sí táírọ́ìdì, wọ́n wá ń ti í kó máa ṣiṣẹ́ láìdúró. Obìnrin ló ń ní in ju ọkùnrin lọ, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Kì í ṣe ẹ̀gún, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, kì í sì í ràn.

Kí ló ń ṣe ọkàn gan-an? Lára ọ̀dọ́, eré ni ọkàn kọ́kọ́ máa ń sá, ó ń lù léraléra ó sì ń lù le, kódà ọmọ lè sọ fún yín pé òun ń gbọ́ ọ létí òun tóun bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. BP máa ń yí pa dà lọ́nà kan, nọ́ńbà òkè á gòkè, ti ìsàlẹ̀ á lọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ báyẹn fún oṣù mélòó kan, iṣan ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, omi á kóra jọ sẹ́sẹ̀ àti sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tàbí kí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, apá òkè ẹ̀ á máa gbọ̀n dípò kó máa fún dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á dúró síbẹ̀, á dì, èyí tó dì yẹn lè já kó gba inú ọpọlọ lọ, ó di rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Àgbàlagbà ni lílù ségesège yìí ń bá jà jù lóòótọ́, àmọ́ mi ò ní fi ìyẹn tan yín, ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́ tí wọ́n bá pa á tì. Ohun tó ń mú inú mi dùn sí àìsàn yìí ni pé tí wọ́n bá tètè mú họ́mónù yẹn wálẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ìbàjẹ́ ọkàn yìí ló máa ń yí pa dà. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ọkàn lèèyàn lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo gbogbo ara ẹ̀

Ẹ pè é jókòó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kó ya ìka, kẹ́ ẹ wá gbé abala ìwé kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀. Tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, etí ìwé á máa gbọ̀n, ẹ máa rí i kedere ju kẹ́ ẹ kàn máa wo ìka lọ. Ẹ fún un lómi kó gbé e mì, kẹ́ ẹ máa wo ọrùn ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tí nǹkan kan bá wú níwájú ọrùn tó ń gòkè tó ń sọ̀ bó ṣe ń gbé omi mì, gẹ̀gẹ̀ nìyẹn, bó ti wù kó kéré. Ẹ wo ojú ẹ̀ bóyá ó ń yọ síta, tí funfun ojú ń hàn lókè ẹyinjú. Ẹ ní kó lóṣòó kó dìde láì di nǹkan mú, torí itan wọn máa ń rẹ̀.

Ẹ wá bi í, ṣé ó ń yàgbẹ́ léraléra? Ṣé oorun ń wá? Tó bá jẹ́ obìnrin, ṣé nǹkan oṣù ẹ̀ ti dín kù tàbí kó máa fo oṣù? Fún ọmọ iléèwé, ẹ ṣí ìwé ẹ̀ wò, ìkọ̀wé á ti di jágajàga, èsì ìdánwò á ti wálẹ̀, tísà á sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í fọkàn sí nǹkan. Mo rí ìyá kan tó ń tajà ní Ebute tó ti na ọmọ ẹ̀ sú nítorí ìkọ̀wé yìí nìkan. Ẹ wádìí nínú ẹbí náà, lọ́dọ̀ ìyá àti lọ́dọ̀ bàbá, bóyá ẹnì kan ti ní gẹ̀gẹ̀ rí tàbí tó ń lo oògùn táírọ́ìdì.

Kò pọn dandan kí gbogbo ẹ̀ pé sára ẹnì kan o. Ẹlòmíì, àyà tó ń sáré àti rírù nìkan lẹ máa rí.

2. Ẹ ka ìlù ọkàn ẹ̀, ní ọ̀sán àti lójú oorun

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Àyà gbogbo èèyàn ló lè sáré lọ́sàn-án, ẹni tó ń bẹ̀rù ìdánwò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ọ̀sì ní Ogolonto, ẹni tí olólùfẹ́ ẹ̀ ò gbé fóònù. Àmọ́ tí irú àwọn yẹn bá sùn, ọkàn wọn á rọlẹ̀. Ti ẹni tí táírọ́ìdì ń yọ lẹ́nu kì í rọlẹ̀, ó sùn, àyà ẹ̀ ò sùn.

Ti ọ̀sán lẹ kọ́kọ́ máa kà. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tàbí rìn. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ fi ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín sí ọrùn ọwọ́ ẹ̀ lápá ibi tí àtàǹpàkò wà. Ẹ má fi àtàǹpàkò tiyín kà á, torí òun náà ní ìlù tiẹ̀, ẹ lè máa ka tara yín mọ́ tọmọ. Ẹ tan aago fóònù, ẹ kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan á kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15 kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, mi ò fẹ́ ìyẹn fún èyí, torí tó bá ń lù ségesège ẹ ò ní mọ̀.

Ti òru wá ni pé, ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa tó wákàtí kan ó kéré tán. Ẹ má tan iná gidi sí i, tí NEPA bá tiẹ̀ mú iná wá, ẹ fi fóònù dojú bolẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wà, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ rọra fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ ẹ̀ láì gbé e sókè. Tó bá ta gìrì, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ dúró kó tún sùn wọra. Ẹni tó bá ń dá gbé, bíi ọmọ iléèwé gíga tó wà ní họ́sítẹ̀lì ní Odogunyan, kó bẹ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tàbí kó ka tiẹ̀ ní kété tó bá lajú láàárọ̀, kó tó dìde jókòó. Ìyẹn ò tó ti ojú oorun, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ.

Láti bí ọdún 12 lọ sókè, ọkàn tó ń sinmi lójúmọmọ máa ń lù láàárín 60 sí 100 níṣẹ́jú kan, tó bá wá sùn, á tún wálẹ̀ sí i. Tí ti ọmọ yín bá ń ju 100 lọ nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tó sì ṣì ń ju 90 lọ lójú oorun lálẹ́ bíi mẹ́ta, ẹ múra ọsibítù. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́, aago, iye, àti bóyá ó ń lù déédéé tàbí ségesège. Dókítà tó bá rí ìwé yẹn ò ní fi ọ̀rọ̀ yín ṣeré.

Ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ibà náà ń mú kí àyà sáré, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe é, ẹ sì mọ̀ pé ibà kì í jìnnà sí wa níhìn-ín. Ẹ ka ìlù ọkàn ẹ̀ lọ́jọ́ tí ara ẹ̀ ò gbóná.

3. Ẹ mú àwọn nǹkan tó ń sọ epo síná kúrò

Énájì dríǹkì lẹ máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, kọfí tẹ̀ lé e, obì náà wà níbẹ̀ o, torí nǹkan tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì. Oògùn ọ̀fìnkìn mìíràn tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ń mú ọkàn sáré, ẹ sọ fún wọn pé àyà ọmọ ń lù kí wọ́n tó ta ohunkóhun fún yín. Sìgá, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọn rárá, ó ń mú kí ojú tó ń yọ síta le sí i.

Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sọ́rùn, ẹ má fi nǹkan gbígbóná jó o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn áyódíìnì, ìyẹn èròjà tí táírọ́ìdì fi ń ṣe họ́mónù, tàbí ewéko inú òkun fún yín pé ó ń wo gẹ̀gẹ̀. Àtọdún 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódíìnì sínú iyọ̀ tí à ń jẹ ní Nàìjíríà, èyí tó wà nínú ọbẹ̀ yín ti tó, àfikún lè mú kí táírọ́ìdì tó ti ń ṣiṣẹ́ jù túbọ̀ ya wèrè. Àwọn tó ń bi mí bóyá gàrí ló fà á, rárá, ẹ máa jẹ gàrí yín.

Ẹ̀yin ọmọge, ẹ gbọ́ o. Fítámì tẹ́ ẹ̀ ń lò kí irun àti èékánná lè dàgbà, tí wọ́n kọ biotin sí lára, ó lè da èsì tẹ́ẹ̀sì táírọ́ìdì rú débi tí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe á fi dà bí ẹni tó ní Graves. Ó kéré tán ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó lọ gbẹ̀jẹ̀, ẹ dá a dúró, tó bá jẹ́ èyí tó lágbára ni, ẹ fi ọjọ́ kún un, kẹ́ ẹ sì sọ fún láàbù pé ẹ̀ ń lò ó.

4. Ìgbà tí kò sí pé à ń ka nǹkan kan

Ẹ má dúró de òru, ẹ má dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè, tó bá jẹ́ pé ó dákú, tàbí àyà ń dùn ún, tàbí kò lè mí tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó jin, tàbí ọkàn ń lù ju 140 lọ nígbà tó jókòó, tàbí tó ń lù ségesège. Tí ẹnu bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí apá kan ò ṣiṣẹ́ mọ́, ìyẹn gan-an ò ṣeé fi ṣòfò rárá.

Èyí tó burú jù ni kí ara gbóná janjan, kí ọkàn máa sáré àsápajúdé, kó máa bì tàbí máa ṣu, kó wá máa sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó já oògùn táírọ́ìdì sílẹ̀ tàbí tí àìsàn míì kọ lù. Wọ́n lè rò pé ibà tó gun orí ni, wọ́n á gbé e lọ síbi àdúrà. Ẹ gbàdúrà nínú mọ́tò. 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà tí ẹ máa pè fún pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò gba owó. Tẹ́ ẹ bá dé ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ọmọ yìí ní àìsàn táírọ́ìdì tàbí pé ẹ fura sí i.

5. Ọsibítù àti tẹ́ẹ̀sì

Tí kò bá le tó ti òkè yẹn, ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí General Hospital Ikorodu. Ẹ̀yin ará Epe àti Badagry náà ní General Hospital tiyín. Ẹni tó bá wà lórí ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó, kó mú káàdì ẹ̀ dání kó béèrè èyí tó bò. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ rí dókítà họ́mónù ní LASUTH Ikeja tàbí LUTH Idi-Araba, ẹ kúrò nílé kílẹ̀ tó mọ́, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ò mọ aláìsàn.

Tẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ fẹ́ ni TSH, free T4 àti T3. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. TSH ni àṣẹ tí ọpọlọ ń rán sí táírọ́ìdì pé kó ṣiṣẹ́, T4 àti T3 sì ni họ́mónù tí táírọ́ìdì ń tú jáde. Tí táírọ́ìdì bá ń ṣiṣẹ́ jù, ọpọlọ á dákẹ́, TSH á wálẹ̀ gan-an. Ní ọ̀pọ̀ láàbù, bíi 0.4 sí 4.0 ni wọ́n ń kà sí déédéé, wọ́n sì máa ń tẹ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. Tí TSH bá wálẹ̀ pátápátá tí T4 tàbí T3 sì ga, ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo wa. Sikáànù ọrùn nìkan ò lè sọ ìyẹn fún yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sikáànù ná owó tó yẹ fún TSH.

Nítorí ọkàn, ẹ béèrè ECG, òun ló ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, kì í sì í dunni. Tí ẹsẹ̀ bá wú tàbí mímí bá le, wọ́n á ṣe echo, ìyẹn sikáànù ọkàn, láti mọ̀ bóyá iṣan ẹ̀ ti ń rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tó bá sì jẹ́ obìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù, kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún, kí ìyá má bínú, torí oògùn tí wọ́n máa yàn dúró lórí ìyẹn.

6. Oògùn: méjì ni, iṣẹ́ wọn ò jọra

Propranolol ń mú ọkàn rọlẹ̀, ọwọ́ á dín gbígbọ̀n kù, ó sì máa ń tètè ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní ásímà ò gbọdọ̀ lò ó, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Carbimazole ní tiẹ̀ ló ń dá táírọ́ìdì lọ́wọ́ kọ́, àmọ́ họ́mónù tó ti tọ́jú pa mọ́ ṣì máa tú jáde tán, nítorí náà ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà kí ara tó balẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí o. Propranolol á mú ara tù ú, wọ́n á ní ó ti yá, wọ́n á pa carbimazole tì, wọ́n á máa ra propranolol nìkan ní kẹ́mísì. Àyà ò sáré mọ́ lóòótọ́, họ́mónù ṣì kún inú ẹ̀jẹ̀ fọ́fọ́, ó ń jẹ iṣan àti egungun lábẹ́lẹ̀. Carbimazole gan-an ni ìtọ́jú, oṣù 12 sí 18 ni wọ́n sábà máa ń lò ó, tọmọdé máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Propranolol náà, ẹ má já a lójijì.

Tó bá ń lo carbimazole tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ara sì gbóná tàbí egbò yọ lẹ́nu, ẹ dá a dúró, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn kan náà fún tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ oògùn yẹn lè pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, áńtíbáyótíìkì kẹ́mísì ò tún ìyẹn ṣe. Tí funfun ojú bá sì di yẹ́lò tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú, oògùn ti ń yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu nìyẹn. Torí ẹ̀dọ̀ yìí náà ni wọn kì í fi fẹ́ fún ọmọdé ní oògùn táírọ́ìdì míì tí wọ́n ń pè ní propylthiouracil.

Tí oògùn ò bá ká a, iṣẹ́ abẹ wà, áyódíìnì onítànṣán tí ọsibítù fi ń pa táírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ jù náà wà, òun yàtọ̀ sí èyí tí mo ní kẹ́ ẹ má rà, dókítà á ṣàlàyé. Lẹ́yìn èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó máa lo hóró oògùn họ́mónù kan lójoojúmọ́ títí ayé, ìyẹn ò burú.

7. Iléèwé, eré ìdárayá àti ààwẹ̀

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà fún iléèwé. Kò gbọdọ̀ sáré ní íńtáháòsì, kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, títí ECG àti tẹ́ẹ̀sì á fi dáa, ìrìn jẹ́jẹ́ ò ní wàhálà. Ní àsìkò Ramadan, ẹ bi dókítà kó tó gba ààwẹ̀, torí ara tó ń lágùn ṣùrùṣùrù ò lè pẹ́ láìmu omi, aago oògùn náà sì wà níbẹ̀.

Lóṣù àkọ́kọ́, ẹ máa ka ìlù ọkàn ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ máa wọn ọn lórí òṣùwọ̀n. Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà níbẹ̀rẹ̀, àárín wọn á wá máa jìnnà síra nígbà tó bá yá. Nígbà tí wọ́n bá dá oògùn dúró, ẹ má ju ìwé yẹn nù, torí ó máa ń pa dà wá lára ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá láàárín ọdún kìíní. Bí alẹ́ kan bá dé tí iye tẹ́ ẹ kà lójú oorun tún ń gòkè, ẹ lọ ṣe TSH kí ọwọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọbìnrin tó bá ti ní in rí, tó wá lóyún lọ́jọ́ iwájú, kódà tí wọ́n ti yọ táírọ́ìdì ẹ̀ kúrò, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún, torí ohun tó ń ti táírọ́ìdì yẹn ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kó kọjá sára ọmọ inú.